Ta Ló Yẹ Kó Sanwó Àlejò Póòpù?

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún balẹ̀ sí Edinburgh. Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin, ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ ń dúró dè é ní ààfin Holyroodhouse. Wọ́n fi ìborùn aláwọ̀ ìbílẹ̀ Scotland kọ́ ọ lọ́rùn, òun ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí mọ́tò onígíláàsì ṣe ń gbé e gba àárín ìgboro kọjá, tí àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i. Baba ẹni ọdún 83 ni nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní Ìlú Ọba. Ó dé Glasgow, ó dé London, Birmingham ló ti wá dágbére.

Ẹni tó bá rántí ọdún 1982 á ní Póòpù ti dé ibẹ̀ rí. Òótọ́ ni. John Paul Kejì dé ibẹ̀ lọ́dún náà, àmọ́ ìjọ Àgùdà ló gbà á lálejò, àwọn ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú bùkátà rẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn lẹ́yìn tó ti padà sí Róòmù. Ti 2010 yàtọ̀. Gordon Brown, tó jẹ́ Olórí Ìjọba tẹ́lẹ̀, ló ti pè é, ìwé ìpè Ọbabìnrin tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ọ́ di ìbẹ̀wò olórí orílẹ̀-èdè sí olórí orílẹ̀-èdè. Kò sí Póòpù tí Ìlú Ọba ṣe irú ẹ̀ fún rí. Ibi tí owó orí ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Wọ́n pín bùkátà náà sí méjì. Ohun tó bá jẹ́ ti ìjọsìn, ìjọ Àgùdà ni yóò san án. Ohun tó bá jẹ́ ti ìjọba, ará ìlú ni yóò san án. Lord Patten, tí Olórí Ìjọba tuntun, David Cameron, fi ṣe alábòójútó ètò náà, sọ nínú oṣù keje pé ìpín ti ìjọba lè tó mílíọ̀nù 10 sí 12 pọ́n-ùn. Owó ọlọ́pàá kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà ìbẹ̀wò náà ní iye yẹn kò tó ohun tí ìpàdé G20 ọlọ́jọ́ kan ní London ná ìjọba ní 2009.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí wọ́n ń sọ èyí. Ìjọba tuntun ti ń kìlọ̀ fáwọn aráàlú pé àpò ti gbẹ. Oṣù kan péré lẹ́yìn tí Póòpù lọ, George Osborne, mínísítà ìṣúná, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní ìjọba yóò gé ìnáwó rẹ̀ kù, ìṣirò tí wọ́n gbé jáde sì fi hàn pé nǹkan bí iṣẹ́ 490,000 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni yóò lọ. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham tàbí Woolwich ní London, tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti yọ owó orí nínú owó rẹ̀. Ó lè jẹ́ Mùsùlùmí. Ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́. Ó lè má ṣe ẹ̀sìn kankan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bèèrè pé kí ni wọ́n ń fi owó òun ṣe, bí a bá sì ń pe ìbéèrè yẹn ní ìkórìíra ẹ̀sìn, a ń ṣe é ní àbòsí.

Ẹ̀rí wà pé kì í ṣe ìkórìíra. Theos, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó jẹ́ ti Kristẹni, ló ní kí iléeṣẹ́ ComRes bá àwọn wádìí èrò aráàlú kí Póòpù tó dé. Èèyàn tó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní kò yẹ kí wọ́n fi owó orí ṣe ìbẹ̀wò náà. Ìwádìí yẹn kan náà mú ọ̀rọ̀ láti inú Caritas in Veritate, ìwé tí Póòpù kọ ní 2009 lórí ọ̀rọ̀ ajé àti ìfẹ́ ọmọnìkejì, ó kà á sí wọn létí. Púpọ̀ jù lọ wọn ló ní òótọ́ ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyí gba ẹ̀kọ́ baba náà, wọn ò gbà kí wọ́n yọ owó rẹ̀ lápò àwọn. Nínú gbogbo ariwo ọdún yẹn, ìwádìí yìí ni mo kà sí jù. Ó fi hàn wá pé ará ìlú mọ ìyàtọ̀ tí àwọn olóṣèlú ń díbọ́n pé kò sí.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, èèyàn tó lé ní àádọ́ta fọwọ́ sí lẹ́tà kan tí ìwé ìròyìn Guardian gbé jáde. Stephen Fry wà níbẹ̀, Richard Dawkins wà níbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé bíi Terry Pratchett àti Philip Pullman náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ Póòpù ni láti wá sí Ìlú Ọba, àmọ́ kò yẹ kí ìjọba fi ọlá ìbẹ̀wò olórí orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá. Nígbà tó di Sátidé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ìwọ́de láti ẹ̀gbẹ́ Hyde Park lọ sí Downing Street. Wọ́n sọ̀rọ̀ kọ́ńdọ́ọ̀mù àti àrùn éèdì nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sọ̀rọ̀ ipò àwọn obìnrin. Èyí tó wúwo jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí àwọn fàdá bá ṣe ìṣekúṣe, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì daṣọ bò ó. Èmi kò ní fi ọwọ́ yẹ̀pẹ́rẹ́ mú ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bà láyé jẹ́ lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti wá dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó orí, báwo la ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó dá sí owó ìkíni-káàbọ̀? Póòpù rí díẹ̀ nínú wọn ní Wimbledon lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Ó dáa bó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì dáhùn ìbéèrè náà.

Àwọn tó fara mọ́ ìbẹ̀wò náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní Vatican jẹ́ orílẹ̀-èdè láti 1929, Ìlú Ọba sì ti ní aṣojú kíkún níbẹ̀ láti 1982. Wọ́n ní ìjọba ti gba àwọn olórí tí ọwọ́ wọn kò mọ́ lálejò, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè iye tí wọ́n ná. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo tiẹ̀ gbà pé apá kan nínú ìbẹ̀wò náà tó kí owó orí lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Póòpù sọ̀rọ̀ ní Westminster Hall, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti dá Thomas More lẹ́bi ikú ní 1535 nítorí pé kò gbà kí ọba jẹ́ olórí ìjọ. Àwọn tó ti ṣe Olórí Ìjọba rí, Margaret Thatcher, John Major, Tony Blair àti Gordon Brown, jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ipò tí ìgbàgbọ́ yẹ kó ní nínú ìṣèlú. Ìjọba tó bá gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ nírú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàṣejù. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ilẹ̀ Vatican tí kò tó ààbọ̀ kìlómítà níbùú lóòró ni gbogbo ayé ṣe ń ya fọ́tò Póòpù. Aṣọ méjì ló wọ̀ wá. Ọjọ́ Sunday tó kẹ́yìn, Cofton Park ní Birmingham ló wà, ó ń ṣe Mísà níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì kéde àlùfáà olóògbé John Henry Newman gẹ́gẹ́ bí Ẹni Alábùkún. Iṣẹ́ ìjọ pátápátá ni ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ dé ibẹ̀ kò lè dá lọ. Ìjọ rẹ̀ ló máa bá lọ, yóò sì san pọ́n-ùn 25, tí owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ronú sí ìyá ìjọ kan tó dá owó ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìbẹ̀wò náà, tó tún san pọ́n-ùn 25, tí owó orí rẹ̀ sì tún wà nínú ti ìjọba. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà san án. Mi ò tíì rí Àgùdà kan tó ké jáde nínú ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀, àmọ́ àwọn gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó tọ́.

Ohun tó bí mi nínú jù kò tíì hàn síta lọ́jọ́ tí Cameron ń dágbére fún Póòpù ní pápákọ̀ òfurufú Birmingham. Oṣù kejì ọdún 2011 ló tó hàn. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń mójú tó ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ òkèèrè, tí Malcolm Bruce jẹ́ alága rẹ̀, ń yẹ ìwé ìṣúná iléeṣẹ́ DFID wò, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ran àwọn orílẹ̀-èdè tálákà lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí mílíọ̀nù 1.85 pọ́n-ùn tí wọ́n yọ, tí wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, kí wọ́n lè fi ṣe ìbẹ̀wò Póòpù. Ẹnu ya àwọn aṣòfin náà, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ìjọba fèsì pé wọ́n ṣe é láti fi mọ rírì iṣẹ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ tí ìjọ Àgùdà ń ṣe láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, àti pé owó náà kò sí lára iye tí wọ́n ń kà mọ́ ìrànlọ́wọ́.

Kò sí Yorùbá tó máa jiyàn pé ìjọ Àgùdà ń ṣiṣẹ́ ìlera. Ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1895. Àìmọye ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n bí síbẹ̀. Bí ìjọba Ìlú Ọba bá fẹ́ mọ rírì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ọ̀nà: kí wọ́n ra oògùn, kí wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sanwó nọ́ọ̀sì. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá dáwó láti tún òrùlé ilé ìwòsàn ìlú ṣe, tí akápò wá yọ nínú owó náà láti fi gba bíṣọ́ọ̀bù lálejò, tó sì ní nítorí pé bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn ilé ìwòsàn náà ni, kí la máa sọ fún akápò yẹn? Póòpù fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé lórí ìdájọ́ òdodo fáwọn tálákà, mi ò gbà pé inú rẹ̀ yóò dùn bó bá mọ ibi tí wọ́n ti yọ owó náà.

Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n tó ná an ni wọ́n ti fi ìwé ìṣúná yẹn han aráàlú, wọn kì bá tó bẹ́ẹ̀ láti ná an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lisbon lọ́dún 2023 fi hàn bẹ́ẹ̀. Póòpù Francis ń bọ̀ wá bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe àjọ̀dún, ni wọ́n bá kéde pé pẹpẹ tí wọ́n máa kọ́ sí Parque Tejo yóò gba mílíọ̀nù 4.2 yúrò. Ìlú pariwo. Wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù 2.9. Oníṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní Bordalo II tún wọ orí pẹpẹ náà lọ kí Póòpù tó dé, ó tẹ́ àwòrán ńlá owó 500 yúrò síbẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọjọ́ pé, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kún pápá náà. Mísà wáyé, orin wáyé, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ yúrò sì ṣẹ́ kù sápò ìlú.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, a ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń wádìí èrò aráàlú lórí irú nǹkan báyìí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala kẹwàá, ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀ ìjọba ní àjọ Hájì, ó ní àjọ tó ń mójú tó ìrìn àjò àwọn Kristẹni, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá sì ń fi owó ìlú rán èèyàn lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù. Fún Hájì ọdún 2024 nìkan, ìjọba àpapọ̀ gbé bílíọ̀nù 90 náírà kalẹ̀, lọ́dún tí owó oúnjẹ ti gun òkè ré kọjá ohun tí owó oṣù ń ká. Mùsùlùmí tó fi ọdún gbọọrọ tu owó jọ kó tó lọ, mo bọ̀wọ̀ fún un. Kristẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Owó ara wọn ni wọ́n ná sí ìgbàgbọ́ ara wọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá sì ní dandan ni kí òun dá sí i lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ fún un láti ìsinsìnyí ohun tí a fẹ́ rí lójú ìwé ìròyìn kí bàálù tó gbéra: iye owó náà, ẹni tí wọ́n máa sanwó fún, ìdí tó fi jẹ́ òun, àti ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ti yọ owó náà. Bó bá jẹ́ inú owó ilé ìwòsàn tàbí ti ilé ìwé ni wọ́n ti yọ ọ́, kí àwọn aṣòfin wa dá a padà sínú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.