Ẹ Má Fi Símẹ́ńtì Bo Gbogbo Àgbàlá O



Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ilé fara kan ilé. Àyè kékeré tó kù láàárín agbo ilé, símẹ́ńtì ni wọ́n ń fi bò ó, wọ́n á wá tẹ́ koríko oníke sórí ẹ̀ kó lè dà bí ọgbà. Lọ́sàn-án, ta ló lè jókòó síbẹ̀? Òjò dé, omi ò ríbi rì sí, ó di inú yàrá.

Èrò tàwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni pé kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kan àtíbàbà ọparun sí i. Òpó mẹ́rin, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Ọparun tó ti gbó ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ lásán, ikán á jẹ ẹ́. Inú páìpù irin tẹ́ ẹ fi kọnkéré dè ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ iyanrìn ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbin amúnútutù. Ó mọ nǹkan gùn! Ẹ máa já lára ewé ẹ̀ sè, èyí tó kù á máa ṣe ìbòòji. Omi kànga tó bá níyọ̀ ò dáa fún un, ẹ lo omi òjò.

Àwọn kan á ní ọgbà kì í ṣe ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Rárá o. Ìga Ìdúngànràn tó jẹ́ ààfin ọba, ìtàn sọ pé oko ata Arómirẹ ni ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Freedom Park ní Broad Street náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kó tó di ibi ìgbatẹ́gùn ní 2010.

Àgbàlá tiyín, bó fẹ̀ tó ẹní méjì péré, ó gba àtíbàbà kan.