Èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa?

Orí igi làwọn ọ̀dọ́ wà ní Lützerath, abúlé kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n ti kọ́ ahéré sókè níbẹ̀; àwọn méjì tilẹ̀ wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ, kí katakata má baà ríbi kọjá. Òjò ti sọ oko di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, bàtà àwọn ọlọ́pàá tó wá lé wọn ń há sínú ẹrẹ̀. Kòtò èédú Garzweiler ló fẹ́ gbé abúlé náà mì. Ohun tó sì dun àwọn ọ̀dọ́ náà jù ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú Grüne, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn tó gbà á láyè.

Àwọn kan pe ẹgbẹ́ náà ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Àdéhùn yẹn kan náà gba abúlé márùn-ún mìíràn là, ó sì fa ọjọ́ tí iléeṣẹ́ RWE yóò dẹ́kun sísun èédú ilẹ̀ láti 2038 wá sí 2030. Ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ṣìnà kọ́ nìyẹn; ọ̀rọ̀ iná núkílíà ni.

Ní 1975, àwọn àgbẹ̀ ọlọ́gbà àjàrà lọ jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ iná núkílíà sí ní Wyhl, ní Jámánì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìkùukùu tó ń ti inú rẹ̀ jáde yóò ba àjàrà jẹ́. Wọn ò kọ́ ọ mọ́. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló bí ẹgbẹ́ Grüne ní 1980, nígbà tí iléeṣẹ́ núkílíà Chernobyl sì bú gbàmù ní 1986, ta ni yóò sọ pé ẹ̀rù àwọn àgbẹ̀ yẹn ò nídìí?

Ṣùgbọ́n èéfín tó ń mú ayé gbóná, èédú ló ń tú u jáde, kì í ṣe núkílíà. Ẹni tó bá kórìíra méjèèjì ní láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2023, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn Lützerath, Jámánì pa iléeṣẹ́ núkílíà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Èédú ṣì ń jó. Àṣìṣe gbáà ni. Wọ́n ní ìdọ̀tí núkílíà yóò wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìdọ̀tí náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pípa iléeṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyẹn kò sì kó ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀.