Ọkọ̀ Tí Ń Jẹ Iná ní Ìlú Tí Iná Kò Dúró



Ní ọdún 2024, Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn kan fún àwa tí a ń gbin kòkó ní Ìdànrè. Owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé, tí ó ti wà ní nǹkan bí dọ́là 2,000 sí 3,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọjá dọ́là 10,000 ní oṣù kẹta, ó sì kọjá 12,000 ní oṣù kejìlá. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta jíìpù. A kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó làágùn lóko ní ẹ̀tọ́ láti gbé aya àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ó tura.

Ṣùgbọ́n irú jíìpù kan wà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ń yìn fún wa. Òun ni àwọn olóyìnbó ń pè ní plug-in hybrid. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi iná ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a sì ń fi wáyà ṣáàjì bátìrì ńlá rẹ̀ láti ara ògiri ilé. Ọ̀kan nínú wọn ni Volvo XC90 T8, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méje tí ó dé ọjà ní ọdún 2015. Bátìrì èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 ń gba yúníìtì iná 18.8, irú yúníìtì tí a ń rà sínú mítà. Pẹ̀lú iná yìí nìkan, ọkọ̀ náà lè rin nǹkan bí 50 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ Ìdànrè sí Àkúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ta ni kò ní fẹ́ èyí, nígbà tí lítà bẹntiróòlù kan, tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo kí ọdún 2024 tó parí?

Mo gbà pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni ọkọ̀ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: níbo ni a ó ti máa ṣáàjì rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti ara ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bátìrì yìí tó kún. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwa tí a ń ra iná sí ọ̀wọ́ márùn-ún: ọ̀wọ́ A yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Kí olúkúlùkù wo ọ̀wọ́ tí ilé rẹ̀ wà, kí ó sì rántí bí alẹ́ àná ti rí. Ǹjẹ́ wákàtí mẹ́jọ orí ìwé ni ó dé inú ilé rẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣebí jẹnẹrétọ̀ ń bẹ." Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà fún ni ju yúníìtì méjì lọ láti inú lítà bẹntiróòlù kan. Kí bátìrì náà tó kún, a ó ti sun nǹkan bí lítà mẹ́wàá, láti rin 50 kìlómítà. Bí a bá da bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ náà gan-an, lítà mẹ́fà ti tó. Kí ni a wá jèrè?

Ẹnìkan nínú ìdílé tèmi ra Tòkunbọ̀ irú rẹ̀. Oko kòkó tí baba wa fi sílẹ̀ ni ó fi dógò kí owó rẹ̀ tó pé. Ó ṣáàjì rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ká wáyà sẹ́yìn ọkọ̀. Epo nìkan ni ọkọ̀ náà ń mu báyìí, ó sì ń ru bátìrì kiri bí alágbàṣe tí ó ru àpò kòkó tí kò sí ẹni tí yóò rà á. Kí ọdún 2025 tó parí, owó kòkó ti já wálẹ̀ tó ìdajì. Oko náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń bá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kéde pé èéfín tí irú ọkọ̀ wọ̀nyí ń tú jáde lójú pópó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ iye tí àyẹ̀wò fi hàn, nítorí pé àwọn tí ó ni wọ́n kì í ṣáàjì wọn tó. Níbi tí iná kì í lọ ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o!

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní. Èkínní, ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ yìí, kí ó kọ́kọ́ fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tí ó tó kìlówáàtì márùn-ún sórí ilé rẹ̀, kí ó sì rí i pé ọkọ̀ ń wà nílé lọ́sàn-án. Bí ó bá ti ṣe èyí, a bá a yọ̀. Èkejì, hybrid tí kì í béèrè wáyà wà, bíi Toyota Highlander Hybrid. Bí a bá ń tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wa, ó ń ṣáàjì ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oko dógò nítorí ọkọ̀.

Ẹ̀yin àgbà rántí ọdún 1986, nígbà tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ká. Owó ya wọ ìlú, kò pẹ́ tí ó fi wálẹ̀. Ọkọ̀ tí a rà nígbà náà ti di irin àlòkù. Igi kòkó tí a gbìn nígbà náà, òun ni a ṣì ń ká. Ọrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìnákúnàá ni Ọlọ́hun kọ̀ fún wa. Kí Ó fún wa ní òye láti mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Àmín.