Iná Ọ̀kadà Kì í Ṣe Fáàrí: Ẹni Tó Ń Lé Wa Síta Lóru Gbọ́dọ̀ Dá sí i

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú àwọn kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà á ní ọ́ọ́físì, ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti wá di mẹkáníìkì ni?" Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sílé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò lè mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn agogo mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Ọ̀rọ̀ iná iwájú alùpùpù ni.

Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá wa gé kúrò ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn oníṣẹ́ alẹ́ relé. Wọn kò gé iṣẹ́ alẹ́ kúrò o! Ẹ̀rọ ń yí, ọjà ń jáde, tírélà ń kó o lọ. Àwa tí à ń yí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ní kí a wá ẹsẹ̀ ara wa. Ẹni tó ní alùpùpù gùn ún, ẹni tí kò ní jókòó sẹ́yìn ẹni tó ní, àwọn yòókù sì ń dúró de ọlọ́kadà ní ẹnu géètì. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀nà òru ti di apá kan iṣẹ́ wa, apá tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún wa.

Ọ̀nà wo sì ni? Ọ̀nà tí kò ní iná òpó kan ṣoṣo, tí kòtò rẹ̀ lè gbé ewúrẹ́ mì, tí tírélà tó bàjẹ́ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìní ohun kan tó ń dán ní ìdí rẹ̀, àfi ẹ̀ka ewé tí wọ́n já sílẹ̀. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ ọjà forí sọ ìdí irú tírélà bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa títí di òní. Nígbà tí a gbé ìwé rẹ̀ dé ọ́ọ́físì, èsì tí wọ́n fún wa ni pé, "Ìta géètì ló ti ṣẹlẹ̀, kò kan ilé iṣẹ́."

Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Òfin ọdún 2010 tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act sọ ní abala keje pé òṣìṣẹ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ní ojú ọ̀nà láàrin ibi iṣẹ́ àti ilé tó ń gbé ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Àpò owó náà wà lọ́wọ́ NSITF. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó sínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òfin béèrè pé kí agbanisíṣẹ́ ti mọ ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé tẹ́lẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ti kó lọ sí ilé tuntun láìsọ ní ọ́ọ́físì yára lọ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Láàrin ọjọ́ 14 ni kí ẹ fi jàǹbá tó ilé iṣẹ́ létí, láàrin ọjọ́ 7 ni ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ fi í létí ní ìwé, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Akọ̀wé ọ́ọ́físì tó bá tún sọ fún yín pé ìta géètì kò kan òun, ẹ ní kó bu ọwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í dá ẹsẹ̀ padà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ara wa náà, nítorí pé ìwà tí àwa fúnra wa ń hù lórí iná yìí kò dára tó.

Ẹni tó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá mítà 16 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí, kí ọkàn tó gbà, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó fún bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ. Mítà 25 nìyẹn, bíréèkì kò sì tíì ṣiṣẹ́ rárá. Bí ọ̀dà bá gbẹ tí táyà sì dára, ó tún ju mítà 20 lọ kí alùpùpù tó dúró. Ẹ ro ó pọ̀. Ẹ wá lọ dúró lẹ́yìn alùpùpù yín lálẹ́ òní kí ẹ wo ibi tí iná rẹ̀ dé. Èyí tí mo ti wò ní ẹnu géètì wa, ọ̀pọ̀ kò dé ìdajì mítà 45. Ìyẹn ni pé kí ẹni náà tó rí ènìyàn lójú ọ̀nà, ó ti gbá a. Èwo wá ni ti àwọn tó ń pa iná pátápátá nítorí kí bátìrì má baà kú? Ẹ máa tọ́jú bátìrì lọ o!

Bí iná bá ti ń ṣe bàìbàì, gílóòbù ńlá la máa ń sáré lọ rà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ gílóòbù. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe é láti ibi tí wọ́n ti tò ó, tó gba inú swíìṣì ọwọ́ kọjá, tí dógùn-ún ti mú ojú ibi tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Lára gílóòbù halogen tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, bí volt 12 bá di 10.8 kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ti ṣòfò. Owó kékeré ni réwáyà yóò gbà láti fi sánpépà ha ojú ìsopọ̀ wọ̀nyí, kó so wáyà áàtì mọ́ irin tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ bátìrì ló ń bọ́ iná iwájú yín, kó fa wáyà tó nípọn láti ẹnu bátìrì, kó fi fíúùsì sí i, kó fi rílè sí àárín, kí swíìṣì ọwọ́ má ru ẹrù náà mọ́. Ẹ ó rò pé ẹ ra gílóòbù tuntun.

Mo ní bí ó bá jẹ́ bátìrì. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, kóìlì inú ẹ́ńjìnì ló ń bọ́ iná iwájú tààrà. Bí ti yín bá ń mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ké sókè, tó sì ń ṣe bàìbàì nígbà tó bá ń rọra ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ pé kóìlì ni. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò. Ọmọ onísípéà páàtì kan tà LED fún mi, ó ní yóò dà bí ọ̀sán. Ó dà bí ọ̀sán lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wíríwírí, nítorí pé iná kóìlì kì í ṣe irú tí LED ń jẹ, ó sì kú sójú ọ̀nà mọ́ mi lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Inú gọ́tà ni mo ti dìde.

Kódà bí kò tilẹ̀ kú, ó ní ẹ̀bi mìíràn. Abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, wọ́n gbẹ́ ẹ fún gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jáde láti ojú kan pàtó. Ọ̀pọ̀ LED olówó pọ́ọ́kú kò tan láti ojú náà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n ká sókè sódò. Ẹni tó gùn ún rò pé òun ń ríran, nítorí pé iwájú táyà rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán ṣókùnkùn, ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ sì ti fọ́jú. Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti tírélà inú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀ ń bú àwọn ọlọ́kadà lórí èyí, ẹ kò sì jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀yin náà, fúùlù tí ẹ kì í fẹ́ pa nígbà tí ẹ bá pàdé wa ńkọ́?

Àwọn mìíràn ń fi tipátipá ki gílóòbù H4 ti mọ́tò bọ inú ilé gílóòbù HS1. Wọ́n jọra lójú. HS1 ń jẹ watt 35, H4 ń jẹ 60 ní fúùlù àti 55 ní díìmù. Alùpùpù kékeré kò lè bọ́ ọ. Wáyà á gbóná, bátìrì á rù, ike iná iwájú á yọ́. Ẹ ra HS1 tó dára, kí ẹ má fi ọwọ́ tó ní òróró kan díńgí rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ gíláàsì iwájú tó bá ti pọ́n bí omi iyeyè.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba kúkú fòfin de alùpùpù pátá, Èkó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní 1 Oṣù Kẹfà 2022. Òfin náà kò gbé òṣìṣẹ́ kan relé ní agogo mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́.

Ohun tí a ń béèrè nìyí, a ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Kí bọ́ọ̀sì iṣẹ́ alẹ́ padà. Títí yóò fi padà, kí ilé iṣẹ́ san owó réwáyà, owó gílóòbù àti owó gíláàsì iwájú fún gbogbo òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ń gun alùpùpù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pèsè bàtà àti ìbọ̀wọ́ iṣẹ́. Kí tírélà kankan má sì kó ọjà jáde ní géètì wa láìní tépù tó ń dán ní ìdí àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kò sí owó. Owó ọ̀kẹ́ àìmọye ẹrù wà nínú tírélà náà, owó tépù ni kò sí?

Kí ìdáhùn wọn tó dé, ẹ má jókòó. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí iṣẹ́ ọ̀sán bá ti parí, ẹ gbé alùpùpù yín wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́yìn ilé oúnjẹ. Réwáyà méjì yóò wà níbẹ̀. A ó gbé alùpùpù kọ̀ọ̀kan sí mítà 5 sí ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó ni ín yóò jókòó lé e, a ó sì tẹ iná rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ díìmù yóò fi wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 nísàlẹ̀ ibi tí àárín iná náà ga dé. Ẹni tó bá máa ń gbé ènìyàn sẹ́yìn, kó mú ẹni náà dání, nítorí pé ìdí alùpùpù máa ń rọ̀ tí iwájú rẹ̀ á sì gbé sókè. Ẹ wá ní agogo méje, kí ilẹ̀ ti ṣú.