Super Stores Kò Sí Nínú Líìgì Ńlá Mọ́, Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ Ṣì Wà

Bí ẹ bá ń kọjá ní Òṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí ẹ gbọ́ igbe "Góòòlù!" láti inú ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, ẹ má wulẹ̀ béèrè pé ẹgbẹ́ Èkó wo ló jẹ ẹ́. Arsenal ni, tàbí Chelsea, tàbí Manchester United. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò mọ ẹni tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kankan ní Èkó. N kò bá wọn wí o. Ohun tí a gbé síwájú ọmọ ni ọmọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà láàárín wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, oníṣòwò àti tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé wọn dìde lórí àga. Ẹ ṣáà sọ pé "Super!" kí ẹ wá wò ó.

Stationery Stores ti Èkó ni mò ń wí, ẹgbẹ́ tí àwọn ará ìgbà náà ń pè ní Super Stores tàbí Adebajo Babes. Olóògbé Israel Adébájọ, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá a sílẹ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Ẹ wo nǹkan bí oníṣòwò ṣe lè ṣe! Ọkùnrin tó ń ta bébà àti íǹkì ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tó ń bọ́ wọn, títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba ife Challenge Cup ní 1967, tó tún gbà á ní 1968. Ní 1968 yìí kan náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ní Mẹ́síkò, tí a sì bá Brazil ta ọ̀mì, 3 sí 3. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ, ọmọ Stores ni wọ́n. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1969, ni Adébájọ kú.

Bàbá kan wà ní Ìsọlọ̀ tó ń ta wáyà àti gílóòbù iná. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n gba ife ti 1967, Ebúté Mẹ́tà ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn kọjá orí afárá lọ sí pápá King George V ní Oníkàn, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson pè nísinsìnyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Òṣòdì ní tiwọn ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìddó, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ẹni tí kò bá rówó wọlé, etí rédíò ni yóò wà. Ìṣọ̀lá Fọlọ́runṣọ́ ló ń ròyìn ní àkókò yẹn. Nígbà tó yá ni Ernest Okonkwo dé, ẹni tó ń pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical". Nígbà tí ìjọba Jákáǹdè kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ní Ìsọlọ̀, láàárín 1979 sí 1983, bàbá wa kó wá síhìn-ín, ó sì gbé Super dání bí ẹni gbé ẹ̀sìn. Láti Ìsọlọ̀, á wọ mólúẹ̀ gba Mùṣín, á sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, ó di pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè.

Ẹ bi í nípa Haruna Ilerika, kí ẹ sì ti jẹun kí ẹ tó bi í, torí ilẹ̀ á ṣú. Ilerika yìí wà lára àwọn tó gba góòlù fún Nàìjíríà nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà tí a ṣe ní Èkó ní 1973. Bàbá ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ Ilerika, gbogbo pápá á dákẹ́ bí ìgbà tí lèmọ́mù fẹ́ kí ìrun. Ó kú ní 1982 kọ́, bí àwọn kan ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn. 2008 ló jáde láyé.

Ìyàwó bàbá ní tirẹ̀ kì í gbàgbé 1981. Ọdún náà ni Stores dé àṣekágbá ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà, tí Union Douala ti Kamẹrúùnù sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá ní ọkọ òun kò jẹun fún ọjọ́ méjì, àti pé ẹ̀bà tí òun tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun àti àwọn ọmọ ló padà jẹ ẹ́. Ní ọdún kejì, 1982, Stores gba Challenge Cup padà, wọ́n tún gbà á ní 1990. Líìgì ló ti ń sá fún wọn láti ìgbà pípẹ́. Ní 1992, wọ́n gbà á.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ayọ̀ yẹn tí ẹgbẹ́ náà ṣubú. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀, ó di ti kóòtù, bọ́ọ̀lù kò sì ṣeé gbá nínú kóòtù. Àwọn kan ti gbìyànjú láti jí i dìde, a tilẹ̀ tún rí orúkọ náà nínú líìgì kékeré, ṣùgbọ́n Super tí bàbá mọ̀ kò padà wá.

Ẹ̀yin oníṣòwò Òṣòdì, ṣé ohun tí ẹ kò rí rí ni? Mélòó nínú ìsọ̀ tó ń tà wàràwàrà ni wọ́n tì pa nígbà tí olówó rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n ní tòun ni, tí àbúrò ní irọ́ ni? Ti ìsọ̀ tilẹ̀ sàn, nítorí àwọn oníbàárà á rí ibòmíràn rà. Oníbàárà Stores kò rí ibòmíràn lọ. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló fi owó, ohùn àti ọjọ́ ìsinmi wọn sínú ẹgbẹ́ yẹn, síbẹ̀ kò sí ìwé kankan tó fi ìka kan lé wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ní Jámánì, láti 1998, òfin líìgì wọn ni pé ju ìdajì ìbò nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ló bójú mu.

Kì í ṣe àwa nìkan nirú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Eré kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní baseball, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní Brooklyn, ní ìlú New York, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Dodgers, òun ló gba Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú, wọlé ní 1947 nígbà tí líìgì ńlá wọn ti ń ti àwọn dúdú síta láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ará Brooklyn fẹ́ràn wọn bí ojú. Wọ́n ń pàdánù, wọ́n ń pàdánù, títí wọ́n fi gba ife àgbà ní 1955. Nígbà tí 1957 parí, olówó ẹgbẹ́ kó wọn lọ sí Los Angeles, ní òpin kejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1960, wọ́n wó pápá wọn lulẹ̀. Àwọn àgbà Brooklyn sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó, gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti ń ṣe. Ó tilẹ̀ sàn fún wọn, nítorí Dodgers ṣì ń gbá eré rẹ̀ níbi tó wà.

Ẹnìkan á ní ṣebí kí ìjọba kúkú gbà á. Shooting Stars ti Ìbàdàn, ti ìjọba ni. Àwọn ló kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976, nígbà tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, àwọn Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal àti Best Ogedegbe. Àwọn náà já sílẹ̀ kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017. Ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n padà gòkè, nítorí pé pápá wọn ní Àdámásìngbà, tí wọ́n fi sọrí Lékan Sàlámì, kò kúrò níbi tó wà, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì du ẹgbẹ́ náà. Bàbá Ìsọlọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá, nítorí ọ̀tá Ìbàdàn ni lórí bọ́ọ̀lù láti 1970 ó lé.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tíṣà ni, bi í lójú mi pé, "Bàbá, ẹgbẹ́ tó ti kú lẹ ṣì ń tẹ̀lé kiri yìí?" Bàbá wò ó, ó ní, "Ìyá mi náà ti kú. Ṣé ìyá ẹlòmíràn ni kí n máa pè?" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta owó tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Mo bi òun náà léèrè, ṣé ó ti fojú kan ẹnìkan nínú àwọn tó ń fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ yìí rí? Kò dá mi lóhùn. Bàbá rẹ̀ ti bọ Ilerika lọ́wọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí Peter Rufai kú, ọmọ ọba Ìdímù tó ṣọ́lé fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé 1994 àti 1998, àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n sí ti Super Eagles. Bàbá ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, ó ní Stores ló ti kọ́kọ́ ṣọ́lé, kí wọ́n tún ìròyìn náà kọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tíṣà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Àwọn tó fojú rí 1967 kò pọ̀ mọ́. Ẹ rán àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ bá bàbá àgbà ilé wọn, kí wọ́n kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n béèrè ọdún àti pápá. Ẹni tó bá sì ní fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà nínú àpótí, kí ó fi bírò kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ lóṣù yìí, láti ọ̀tún sí òsì, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà nílé.