Orúkọ ni Ìjánu: Ohun tí Kọ̀ǹpútà Yóò Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò Nígbà tí Ó Bá Jí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kan mu tí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kì í sábà kà sí ohun àríyànjiyàn: kí ni kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí a bá tan án?

Lónìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú. Sọ́fítíwíà ni a fi dá wọn, virtual machine sì ni wọ́n ń jẹ́. Wọn kò ní ara tí a lè fọwọ́ kàn, síbẹ̀ wọ́n ní dísíìkì, àyè sídíì àti nẹ́tíwọ́kì tiwọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jí, inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni yóò ti wá Windows tàbí Linux tí yóò fi ṣiṣẹ́, bí a bá sì ṣe tò wọ́n ni yóò ṣe wá a. Bí sídíì tí a fi ṣètò rẹ̀ bá wà níwájú, tí a kò sì yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ìṣètò náà ni yóò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́kì bá ṣáájú, ẹni tó ń darí nẹ́tíwọ́kì ló ń pinnu ohun tí yóò gbé dìde. Bí ó bá ṣe ètò tí ń nu dísíìkì nù ni ó dáhùn, àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ lè pòórá.

Libvirt, sọ́fítíwíà tí virt-manager àti àwọn ètò ìṣàkóso mìíràn gbára lé, fàyè gba ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kí a pe ẹ̀yà: hd fún dísíìkì, cdrom fún sídíì, network fún nẹ́tíwọ́kì. Èkejì, tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 0.8.8 ní ọdún 2011, ni kí a fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. A kò lè pa méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan.

Ọ̀nà kejì ló tọ́. Ẹni tó bá dúró láàárín agbo ilé tó ké pe "ọmọ" kò lè mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hd rí bí dísíìkì bá ju ọ̀kan lọ. Libvirt a máa tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí a fi so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n irú ìsopọ̀ tó bá kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀ ni yóò ṣáájú. Bí a bá kọ vdb, vda, hda àti hdc, vda ni yóò jí i. Bí a bá kọ hdc, vda, vdb àti hda, hda ni. Dísíìkì mẹ́rin kan náà, ìdáhùn méjì! Ìwé ìtọ́nisọ́nà libvirt fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀nà yìí lè rúni lójú.

Àwọn kan lè sọ pé pípe ẹ̀yà rọrùn, pé ó tó fún kọ̀ǹpútà tó ní dísíìkì kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ní dísíìkì kan lónìí lè ní mẹ́ta lọ́la, ẹni tó fi èkejì kún un sì lè má mọ̀ pé òun ti yí ẹni tí ń jẹ́ ìpè padà. Proxmox VE náà, tó ti ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹ̀yà, yí padà ní ọdún 2020 pẹ̀lú ẹ̀dà 6.3, ó sì ń to ohun èlò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún kù. A kì í torí àlejò ọjọ́ kan yí ìjókòó ilé padà. OVirt mọ èyí: ó ní Run Once, tí a fi lè jí kọ̀ǹpútà láti inú sídíì lẹ́ẹ̀kan péré láìfọwọ́ kan ètò rẹ̀ títí lọ. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà níbi gbogbo, ní ojútáyé.

Àṣìṣe inú ìtò yìí kì í hàn lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ọjọ́ tí iná bá lọ tó sì padà lóru, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, ni yóò hàn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà sì lè má jẹ́ ẹni tó tò ó. Nítorí tirẹ̀ ni ó fi yẹ kí a máa pe ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀.