Ààtàn Ọ̀fà àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí ń dùn létí ní àwùjọ àwọn ọlọ́lá, nítorí ọ̀rọ̀ pàǹtí àti ààtàn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan ní Ọ̀fà, yálà ti olówó tàbí ti tálákà, tí kì í kó pàǹtí jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Ọjà Owódé tí kò mọ ohun tí òjò máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rá bá dí ojú gọ́tà. Ìbéèrè wa ni pé, nígbà tí a bá gbé e kúrò níwájú ilé wa, ilẹ̀ ta ni a ń gbé e lọ?

A ní ìdí tí a fi béèrè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀fà kò fẹ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀ jáde kúrò ní ìgboro, yóò ti dé Ìjagbó tàbí Ẹ̀rìn-Ilé, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun, èyí tí Ìlemọnà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Bí ó bá sì gba ọ̀nà ìhà gúúsù, kò ní pẹ́ kí ó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọ̀nà Òkukù àti Ìkìrun. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé pé káńsù kan náà ni ó ń ṣe àkóso Ọ̀fà àti àwọn ìlú Ọ̀yun wọ̀nyí rí, kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpín náà mú àǹfààní tirẹ̀ wá, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí a pín lórí ìwé, odò kò bá wa pín in.

Ẹ wo odò Ọ̀yun fúnra rẹ̀. Láti inú adágún tí wọ́n sé sí ojú odò yìí ni a ti ń fa omi ẹ̀rọ Ọ̀fà. Bí ó bá kọjá lọ́dọ̀ wa, apá Ìlọrin ni ó kọrí sí, Yunifásítì Ìlọrin pẹ̀lú sì ti sé e ní tiwọn. Bí ìlú tí ó wà lókè odò bá da pàǹtí sí etí rẹ̀, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò bù ú mu. Omi dúdú tí ń sun lábẹ́ ààtàn nígbà òjò kò mọ ilẹ̀ Ọ̀fà yàtọ̀ sí ilẹ̀ Ọ̀yun, kò sì ka ìwé àṣẹ alága kankan.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ààtàn kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀hìnkùlé ni ó máa ń wà. Eérú ni, èèpo iṣu ni, èèpo ẹ̀gẹ́ ni, ewé tí a fi di ẹ̀kọ ni. Ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀, adìẹ a tú díẹ̀, ìyókù a jẹrà, a ó sì gbin ẹ̀fọ́ lé e lórí. Nígbà tí àwọn Òyìnbó dé ni wólé-wólé bẹ̀rẹ̀ sí wọ agboolé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà sì wọ Èkó ní ọdún 1924, eku àti pàǹtí di ọ̀tá ìjọba pátápátá. Wólé-wólé lè fi ìbáwí tán ọ̀rọ̀ nígbà náà, nítorí pàǹtí agboolé kan kì í kọjá agboolé náà. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá omi, ike, agolo, òkúta tọ́ọ̀ṣì, ìtẹ́dìí ọmọ tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan kí a tó jù ú nù: kò sí ewúrẹ́ tí ó lè jẹ wọ́n kí ó yè, kò sì sí ẹ̀fọ́ tí ń hù dáradára nínú wọn. Bí a bá dáná sun wọ́n, èéfín rẹ̀ a wọ inú yàrá aládùúgbò.

Nítorí pé oníṣòwò ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀fà tó bí 90,000, ti Ọ̀yun sì tó bí 94,000. Báńkì Àgbáyé wí ní ọdún 2018 pé, bí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ń da bí 0.46 kìlógíráàmù pàǹtí nù lójúmọ́. Bí a bá fi èyí wọn iye ti 2006 nìkan, láìka àwọn ọmọ tí a ti bí láti ìgbà náà, Ọ̀fà yóò máa kó bí tọ́ọ̀nù 40 jáde lójoojúmọ́, Ọ̀fà àti Ọ̀yun papọ̀ yóò sì súnmọ́ tọ́ọ̀nù 85. Ọkọ̀ tí ń gbé tọ́ọ̀nù 5 yóò rìn ín ní ìgbà 17 kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ààtàn tí ó bá ìlera mu kì í ṣe kòtò lásán. Ó fẹ́ amọ̀ tí a tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi ìdọ̀tí má baà rì sínú kànga, ó fẹ́ ọgbà yíká, ó fẹ́ òṣùwọ̀n tí a ń fi wọn ọkọ̀, ó fẹ́ katakata tí yóò máa tẹ pàǹtí mọ́lẹ̀ tí yóò sì máa fi erùpẹ̀ bò ó ní ìrọ̀lẹ́. Katakata kan tí ń ṣiṣẹ́ fún ìlú kan lè ṣiṣẹ́ fún mẹ́ta, owó tí a fi rà á kò sì ní di ìlọ́po mẹ́ta. Káńsù tí ó bá fẹ́ dá gbogbo èyí ní, gbèsè ni yóò jẹ, tàbí kí ó padà sí kòtò lásán, èyí tí a rò pé ó wọ́pọ̀ jù.

Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, nínú Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ káńsù ìbílẹ̀ ni kíkó pàǹtí dànù. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ó kọ̀ fún káńsù méjì láti pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn alága ni pé owó kò dé ọwọ́ àwọn, pé inú àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni ó ń wọ̀. Àwáwí yìí ní òótọ́ nínú fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé tààrà ni kí owó káńsù máa dé ọ̀dọ̀ káńsù tí a dìbò yàn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Kwara dìbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ 16. Bí ìdájọ́ náà ti ń falẹ̀ kí ó tó ṣẹ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ìwéwèé kò gba owó púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Ọ̀fà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ohun tirẹ̀ láìdúró de Ìlọrin: ní ọdún 1943 ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú dá Offa Grammar School sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jùlọ nìyí: ta ni yóò gbà kí ààtàn wà ní ilẹ̀ òun? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ìbàdàn. Nígbà tí a pín ìgboro Ìbàdàn sí káńsù márùn-ún ní ọdún 1991, kò pẹ́ tí ó fi hàn pé pàǹtí kò ṣe é pín bẹ́ẹ̀; ní ọdún 1997 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó pàǹtí gbogbo Ìbàdàn. Ó dára títí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ààtàn ńlá mẹ́rin tí a mọ̀: Lápité ní Akínyẹlé, Ába-Ẹkù ní Ọnà-Àrà, Ajakanga ní Olúyọ̀lé, Awótàn ní Ìdó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní káńsù ìgboro. Ará ìgboro ń jẹ oúnjẹ, ará oko ń gbóòórùn èèpo rẹ̀. Àjọ kan ṣoṣo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti àwọn káńsù fúnra wọn. Lójú tiwa, ìyẹn kọ́ ni à ń pè ní àjọṣe.

Ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní apá àríwá níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, a rí ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1986 ni káńsù méje, tí Hackney àti Haringey wà nínú wọn, ti ní àjọ kan tí ń palẹ̀ pàǹtí wọn mọ́. Káńsù kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú méjì, ẹni 14 ni gbogbo wọn. Òṣùwọ̀n ni a ń lò fún pàǹtí inú ilé, kí káńsù tí ó kó púpọ̀ wá lè san púpọ̀. Ilé ńlá tí wọ́n ti ń sun pàǹtí náà wà ní Edmonton, ní ilẹ̀ káńsù Enfield, Enfield sì ní ìjókòó tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu. Wọ́n a máa jiyàn níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ará Edmonton kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò wà tí wọ́n lè fi jiyàn.

Ní tiwa, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé ti pẹ́, ó sì ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ pàǹtí láti Ọ̀fà bá kàn lọ da ẹrù sí ilẹ̀ tí à ń jà sí, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìmọ́tótó. Àmì gbígba ilẹ̀ ni wọn yóò kà á sí, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì jáde. Nítorí náà ni a fi ń wí pé àdéhùn ni kí ó ṣíwájú ọkọ̀. Kí àwọn káńsù méjèèjì yan ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà sí, tí ó jìnnà sí odò Ọ̀yun àti sí kànga. Kí ìlú tí ó bá gbà á láyè máa gba owó lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ alága kọjá, ilé-ìwòsàn àti ọ̀nà ìlú náà ni kí ó lọ tààrà. Kí iye aṣojú dọ́gba, kí Ọ̀fà má ṣe torí pé òun ni ìlú ńlá kí ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà Owódé ní ẹnì kan níbẹ̀, nítorí nínú ọjà ni púpọ̀ nínú ẹrù náà ti ń wá. Bí àwọn ará Odò-Ọtìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá fẹ́ darapọ̀ lẹ́hìn náà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ méjì dá ti àkọ́kọ́ dúró.

A ń bẹ Kábíyèsí Ọlọ́fà, a sì ń bẹ Kábíyèsí Ẹlẹ́rìn, kí wọ́n bá àwọn alága pe ìjókòó àkọ́kọ́. Kí ó má ṣe wáyé ní Ọ̀fà, kí ó má sì wáyé ní Ẹ̀rìn-Ilé. Ìlemọnà yóò dára. Kí wọ́n mú àwòrán ilẹ̀ dání, àti ẹnì kan tí ó mọ ibi tí omi ń ṣàn gbà nígbà òjò, kí wọ́n sì parí rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí ó rọrùn láti gbẹ́ kòtò kí a sì tẹ́ amọ̀ sí ìdí rẹ̀.